Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀dá-Ìtàn Inú Eré RPG Wádìí Irú Ẹni Tí A Jẹ́: Ọ̀rọ̀ Jẹ́ńdà àti Ìfẹ́

Nínú eré RPG orí tábìlì (role-playing game, eré tí ènìyàn ti ń ṣe bí ẹlòmíràn nínú ìtàn), ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́fà máa ń jókòó papọ̀ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ni adarí eré: òun ló ń sọ bí ìlú ṣe rí, òun ló ń gbẹnu sọ fún ọba, fún ìyá ọlọ́jà, fún ọ̀tá. Àwọn yòókù ní ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn gan-an ni: "Mo wọlé. Mo kí bàbá. Mo fa idà yọ." Dáìsì ló ń sọ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yọrí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, orúkọ ẹ̀dá-ìtàn ni wọ́n ń pè ọ́. Ẹni tó bá yìn ọ́, ẹ̀dá-ìtàn ló yìn, ṣùgbọ́n etí tìrẹ ló gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ gan-an ni eré yìí ti wúlò fún ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin tí wọ́n ń pè é (ìyẹn jẹ́ńdà rẹ̀) bá a mu, àti fún ẹni tí kò tíì mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. O lè jẹ́ orúkọ mìíràn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje, kí o sì bọ́ ọ sílẹ̀ kí o tó wọ ọkọ̀ relé. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ, nítorí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe bí ẹlòmíràn.

Àwọn ìwé òfin eré kò fìgbà gbogbo ṣí ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀. Dungeons & Dragons, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ni baba wọn. Nínú Player's Handbook rẹ̀, ìwé òfin fún àwọn tó ń ṣeré, ti ọdún 1978, agbára obìnrin tó jẹ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kọjá 18/50, nígbà tí ti ọkùnrin lè dé 18/00 (00 yẹn dúró fún ọgọ́rùn-ún). Lọ́dún 1979, ìwé adarí eré ka bẹ́líìtì kan tó ń sọ ọkùnrin di obìnrin, tó sì ń sọ obìnrin di ọkùnrin, mọ́ àwọn ohun ègún. Ọdún 2014 ni ìwé tuntun wá sọ ọ́ kedere fún òǹkàwé pé kò pọn dandan kí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ há sáàárín akọ àti abo. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn tó ni eré Pathfinder gbé Shardra jáde, aràrá obìnrin tó jẹ́ trans (ẹni tí wọ́n pè ní ọkùnrin nígbà tí wọ́n bí i, tó sì mọ ara rẹ̀ sí obìnrin), tó ń bá àwọn ẹ̀mí sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí adarí kan bá sọ fún ọ pé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kò sí nínú eré, ìwé kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Gbígbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ̀ nínú eré kò sì ṣàjèjì sí wa. Ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó nínú aṣọ obìnrin ní ilẹ̀ Kétu, láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí. Ète tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí à ń sọ níhìn-ín, kò sì yẹ ká da méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun fẹ́ ṣe ohun tí ojú Yorùbá kò rí rí lè fọkàn balẹ̀.

Ìbéèrè kan, ẹ̀dá-ìtàn kan

Kí o tó ronú nípa idà àti oògùn, kọ ìbéèrè rẹ sórí ìwé ní gbólóhùn kan. Ìbéèrè tó dára kéré, ara sì lè dáhùn rẹ̀. "Báwo ló ṣe máa rí lára mi tí wọ́n bá ń pè mí ní àǹtí dípò bùrọ̀dá?" "Ṣé inú mi á dùn tí ẹ̀dá-ìtàn mi, obìnrin, bá ní obìnrin tó ń retí rẹ̀ nílé?" "Tí ẹnikẹ́ni kò bá lè sọ bóyá ọkùnrin ni mí tàbí obìnrin, ṣé ìtura ni àbí ìnira?" Èyí tí kò dára ni "Ta ni mí gan-an?" Eré wákàtí mẹ́ta kò lè gbé ìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ènìyàn kó ìbéèrè mẹ́ta sínú ẹ̀dá kan ṣoṣo: jẹ́ńdà tuntun, ìfẹ́ tuntun, ara tuntun. Bí ìran kan bá wá dùn mọ́ ọn, tàbí tó dùn ún, kò ní mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fà á. Mú ọ̀kan. Àwọn yòókù lè dúró de ẹ̀dá-ìtàn mìíràn.

Ìwé yẹn, ìwọ nìkan ló ni ín. Adarí eré pàápàá kò ní láti rí i.

Yíyan eré àti àwọn tí ẹ jọ máa ṣe é

Dungeons & Dragons ló rọrùn jù láti rí tábìlì fún, òfin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogun ló pọ̀ jù nínú òfin náà. Kò sí ojú ìwé kan tó ń sọ bí ìfẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tàbí bó ṣe ń tú ká, nítorí náà ọwọ́ àwọn tó jókòó ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí tábìlì bá dára, ó tó. Bí kò bá dára, ìwé kò ní gbà ọ́.

Thirsty Sword Lesbians, tí April Kit Walsh kọ, tí Evil Hat tẹ̀ jáde lọ́dún 2021, tó sì gba ẹ̀bùn Nebula fún kíkọ eré, ni a máa kọ́kọ́ dábàá fún ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ ti ìfẹ́. O máa ju dáìsì olójú mẹ́fà méjì, o máa fi iye ànímọ́ ẹ̀dá rẹ kún un: tó bá jẹ́ 10 sókè, ó bọ́ sí i, 7 sí 9, ó bọ́ sí i ṣùgbọ́n yóò ná ọ ní nǹkan, 6 sísàlẹ̀, adarí ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tí o lè yàn níbẹ̀ ní ìjà ọkàn tirẹ̀. Beast ni ẹni tó ń jà láàárín jíjẹ́ ara rẹ̀ àti ṣíṣe bí àwùjọ ṣe ń fẹ́. Seeker ni ẹni tó kúrò nílé tó wá ń yẹ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ wò. Tí ìbéèrè rẹ bá sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ ti dín kù. Dream Askew, ti Avery Alder, kò lo dáìsì, kò sì ní adarí. Ó dára fún ẹgbẹ́ tó ti mọwọ́ ara wọn, ó sì nira fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Ẹni tí kò ní ẹnì kankan tó lè fọkàn tán lè ṣe Ironsworn ní òun nìkan. Shawn Tomkin gbé e jáde lọ́dún 2018, PDF rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, dáìsì olójú mẹ́fà kan àti olójú mẹ́wàá méjì ló ń lò. Kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú ìwé àjákọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé etí kejì kò gbọ́. Ibi tó kù sí ni pé kò sí ẹni tí yóò pe orúkọ ẹ̀dá náà síta, ìyẹn sì tó ìdajì iṣẹ́ yìí. Bí o bá ń ṣe é ní ìwọ nìkan, máa ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá ẹ̀dá rẹ sọ̀rọ̀ sókè, kí etí rẹ lè gbọ́ orúkọ náà.

Adarí kan àti ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin ló tó. Ṣírò rẹ̀: nínú wákàtí mẹ́ta, yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún kíkí ara ẹni àti ìsinmi, ó ku 150. Pín in fún ènìyàn márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kàn ọ́. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́jọ, kò ní tó ogún, ìran tí o wá fún lè má wáyé rárá. Mú eré tí yóò parí ní ìjókòó kan fún ìgbà àkọ́kọ́. Eré olóṣù mẹ́fà dára lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí o bá ti mọ bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń hùwà.

Ààbò, kí ẹnikẹ́ni tó mú dáìsì

Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òfin dúró. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin. Ó tún fi ọdún 10 sórí ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ irú wọn sílẹ̀, tó bá ń darí rẹ̀, tàbí tó bá ń kópa nínú rẹ̀. Eré lásán ni ẹ ń ṣe, ṣùgbọ́n aládùúgbò tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lójú fèrèsé kò mọ ìyẹn, ẹni tó sì rí àwòrán ọ̀rọ̀ yín lórí fóònù kò ní béèrè. Nítorí náà: ẹ má fún ẹgbẹ́ eré ní orúkọ tí yóò dún bí ẹgbẹ́ irú èyí tí òfin ń sọ, ẹ má ya àwòrán tàbí fídíò, ẹ má gba ohùn sílẹ̀, ẹ má sì mú àlejò wá láìjẹ́ pé gbogbo yín ti fọwọ́ sí i. Lórí Discord, áàpù tí àwọn tó ń ṣeré fi ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yí orúkọ tí ènìyàn ń rí padà fún sáfà (ìyẹn yàrá ẹgbẹ́) eré nìkan. Tí o bá yí i padà fún gbogbo àkáǹtì, ọmọ ìjọ rẹ tí ẹ jọ wà ní sáfà mìíràn yóò rí i.

Ní Bìrìtìkó, òfin tí wọ́n ń pè ní Equality Act 2010 dáàbò bo ènìyàn lórí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí àti lórí yíyí jẹ́ńdà padà, ìṣòro àwọn ọmọ wa níbẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ti inú ilé: ògiri tín-ín-rín, òbí nínú yàrá kejì, àǹtí tó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, eré tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, tí kò sí ohùn nínú rẹ̀, ló dára jù. Ó tún dára fún ẹni tí ohùn ara rẹ̀ ń dà láàmú, nítorí lójú ìwé kò sí ohùn tó ń ta ko ẹ̀dá náà.

Ìjókòó tó ṣáájú eré, tí wọ́n ń pè ní session zero, kì í ṣe ohun tí à ń fò. Yà á sọ́tọ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìlà àti ìbòjú: ìlà ni ohun tí kò ní wáyé nínú eré rárá, ìbòjú ni ohun tó lè wáyé ṣùgbọ́n tí a kò ní ṣàpèjúwe. Fífi ipá báni lò, èébú tí wọ́n ń fi bú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, títú àṣírí ẹ̀dá-ìtàn láìgbàṣẹ, ẹ̀fẹ̀ lórí ara: ìlà ni gbogbo wọn. Ìbálòpọ̀ jẹ́ ìbòjú: ilẹ̀kùn tì, ilẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹ̀dá-ìtàn tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàlagbà, èyí kò ní àríyànjiyàn.

Bí ẹ ṣe kó ìlà jọ ṣe pàtàkì ju ìlà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ìwọ nìkan bá gbé ọwọ́ sókè pé "N kò fẹ́ èébú irú báyìí," ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ nìyẹn. Kí adarí pín ìwé pélébé fún gbogbo ènìyàn, kí ẹni tí kò ní nǹkan kan láti sọ kọ "kò sí", kí adarí kó wọn, kí ó fi ohùn ara rẹ̀ kà wọ́n láìsọ ẹni tó kọ wọ́n. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́ọ̀mù tí kò gba orúkọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Èkejì ni káàdì X, tí John Stavropoulos dá sílẹ̀. Gbé káàdì tí a kọ X sí sáàárín tábìlì. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dópin, ẹ yí i padà, ẹ tẹ̀síwájú. A kì í béèrè ìdí. Káàdì tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án rí máa ń wúwo láti fọwọ́ kàn, nítorí náà kí adarí fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ lò ó lórí ohun kékeré láàárín wákàtí àkọ́kọ́.

Ohun tí o máa sọ fún adarí

Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i kí ọjọ́ eré tó pé. Kò nílò ju báyìí lọ: "Ẹ̀dá-ìtàn mi jẹ́ obìnrin, jagunjagun ni. She ni kí a máa pè é. Mo fẹ́ kí àwọn ará ìlú ṣe sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe sí obìnrin mìíràn, kí wọ́n má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ìyẹn bá ọ lára mu?" Wo bó ṣe dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbéèrè nípa ẹ̀dá náà dára. Bó bá béèrè ìdí, tàbí tó kọ ẹ̀rín ránṣẹ́, wá tábìlì mìíràn.

Kíkọ ẹ̀dá náà

Fún un ní iṣẹ́ àti ohun tó ń wá, kí méjèèjì má ní í ṣe pẹ̀lú ìbéèrè rẹ. Alágbẹ̀dẹ tó ń wá ẹni tó jí irin rẹ̀. Adáhunṣe tó jẹ gbèsè lọ́jà. Ẹ̀dá tí gbogbo ìtàn rẹ̀ kò ju pé ó jẹ́ trans lọ kò ní nǹkan kan láti ṣe nígbà tí ìran bá kúrò lórí ìyẹn, adarí á sì máa fà á padà síbẹ̀ ṣáá. O wá mọ bó ṣe rí láti jẹ́ obìnrin nínú wàhálà, o kò mọ bó ṣe rí láti jẹ́ obìnrin tó ń ra iṣu.

Ayé tí yóò gbé inú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń rò pé ayé tó kórìíra irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ló máa sọ òótọ́ fún wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a kò fọwọ́ sí i. Ìyà á bo ìbéèrè rẹ mọ́lẹ̀: bí ara rẹ bá le, o kò ní mọ̀ bóyá jẹ́ńdà náà ni kò bá ọ mu tàbí òkò tí wọ́n ń sọ lù ú. Jẹ́ kí ìlú náà rí i bí ohun ojoojúmọ́. Tí o bá ti mọ bí ìyẹn ṣe rí, o lè wá fi ìlú líle dán ara rẹ wò, pẹ̀lú àṣẹ gbogbo tábìlì.

Yẹra fún ẹ̀dá tó ń tan gbogbo ọkùnrin inú ilé ọtí, àti èyí tó wà fún ẹ̀rín. Bí tábìlì bá ti fi ẹ̀dá kan rẹ́rìn-ín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, wọn kò ní gbà á gbọ́ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Orúkọ, ìkíni, oríkì

Níbí ni kí o ti fara balẹ̀ jù.

Ní tábìlì tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, he, she àti they ló ń gbé iṣẹ́ náà. Ká ìwé A5 sí méjì kó lè dúró lórí tábìlì. Orúkọ wà lókè ní lẹ́tà ńlá, arọ́pò-orúkọ wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ohun kan tí ojú ń kọ́kọ́ rí lára ẹ̀dá náà. Kí adarí ní kí gbogbo ènìyàn ṣe irú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo ní in, ó ti tú ọ fó.

Ní tábìlì Yorùbá, arọ́pò-orúkọ wa kò sọ akọ tàbí abo, o sì lè ṣeré wákàtí méjì láìjẹ́ pé ohun tí o wá dán wò kàn ọ́ lára rárá. Ìkíni, orúkọ tí a fi ń pe ara ẹni nílé, àti oríkì ni yóò ṣe é. Pinnu ṣáájú: bí ẹ̀dá rẹ bá dé iwájú ọba, ṣé ìdọ̀bálẹ̀ ni tàbí ìkúnlẹ̀? Má kàn sọ pé "mo kí kábíyèsí." Sọ ọ́ bí ó ṣe ṣe é. Ẹni tó ti ń dọ̀bálẹ̀ láti kékeré, tó wá sọ lójú ènìyàn mẹ́rin pé "mo kúnlẹ̀", yóò rí nǹkan nínú ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ìtìjú, ì báà jẹ́ ayọ̀. Ó sì lè má rí nǹkan kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìdáhùn.

Fún ẹ̀dá tí kì í ṣe ọkùnrin tí kì í ṣe obìnrin, ẹ jọ dá ìkíni kẹta sílẹ̀ fún ìlú náà, bóyá kí ó fi orúnkún kan kanlẹ̀ kí ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀. Kí adarí jẹ́ kí ẹni méjì mìíràn nílùú náà, ó kéré tán, máa kí bẹ́ẹ̀, kó má bàa dà bí àrà tí ẹ̀dá rẹ nìkan ń dá.

Nínú orúkọ ilé, àǹtí, bùrọ̀dá, ìyá àti bàbá ń fi nǹkan hàn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sọ nǹkan kan, wọ́n dára fún ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀. Fún orúkọ àbísọ, Ayọ̀délé, Tèmítọ́pẹ́ àti Olúwaṣeun bá gbogbo ènìyàn lọ. Babátúndé àti Yétúndé kò rí bẹ́ẹ̀.

Oríkì ló wọni lára jù, nítorí àgbà tó fẹ́ràn ẹni ló ń fi í pe ẹni. Àjàní, Àyìndé, Àkànní, Àlàmú jẹ́ ti ọkùnrin. Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àjọkẹ́, Àmọ̀kẹ́ jẹ́ ti obìnrin. Mú ọ̀kan, kọ ọ́ fún adarí, kí o sì sọ ẹni tí yóò pè é àti ìgbà tí yóò pè é: ìyá àgbà kan nílé tí ẹ̀dá rẹ wọ̀ sí, nígbà tó ti oko dé. "Àbẹ̀kẹ́, káàbọ̀. Ṣé o ti jẹun?" Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ẹkún. Ẹ̀ẹ̀mejì ní ìjókòó kan ti tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí á mọ́ ọn lára, o kò ní gbọ́ ọ mọ́. Má sì lo oríkì tí ìyá tàbí àbúrò rẹ ń jẹ́, nítorí àwọn ni wàá rí lójú ara rẹ nígbà tí wọ́n bá pè é.

Bí ìbéèrè rẹ bá jẹ́ ti ìfẹ́

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dá tí adarí ń gbẹnu sọ fún, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ẹni tó jókòó tì ọ́. Adarí lè mú ẹ̀dá tirẹ̀ kúrò nínú ìtàn nígbàkigbà tí o bá fẹ́, ẹnì kankan kò sì ní bínú. Jẹ́ kí ó ga díẹ̀díẹ̀: ojú rere, ojú rere tí ẹnì kejì san padà, àríyànjiyàn kan, ìlérí kan. Ó yẹ kó gba ìran mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó sáré dé ibi ìfẹnukonu ní ìran àkọ́kọ́ sábà máa ń rí ìtìjú nìkan, á sì gbé ìtìjú yẹn lọ sílé bí ìdáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá ń há ọ lọ́nà ọ̀fun, kúrò ní "mo". Sọ pé "Àbẹ̀kẹ́ dì í lọ́wọ́ mú." Eré ṣì ni.

Bí ó bá máa jẹ́ láàárín ẹ̀dá rẹ àti ti akẹgbẹ́ rẹ, ẹ jọ sọ ọ́ níta eré ṣáájú, kí ẹ sì bi ara yín léèrè lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan bóyá kí ẹ máa bá a lọ. Ìdí rẹ̀ ni ohun tí àwọn tó wà nídìí eré yìí ń pè ní bleed: ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ń rò máa ń ṣàn sínú ẹni tó gbé e wọ̀, ti ẹni náà sì máa ń ṣàn sínú ẹ̀dá. Ohun tí o ń wá gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ó lè mú kí o rò pé akẹgbẹ́ rẹ ni o fẹ́ràn, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹ̀dá rẹ̀ ṣe wo tìrẹ ni. Fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó sọ nǹkan kan. Àwọn kan tún wà tó ń fi eré tọrọ ìfẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò fún wọn níta. Bí ẹ̀dá ẹnì kan bá ń lé ẹ̀dá rẹ kiri lẹ́yìn tí o ti sọ pé o kò fẹ́, má jà á nínú ìtàn. Sọ fún adarí, níta eré, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Nígbà tí eré bá ń lọ

Wọ́n á ṣì ọ́ pè. Sọ arọ́pò-orúkọ tó tọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, kí o máa bá ohun tí ẹ ń ṣe lọ. Àlàyé gígùn ló ń sọ ọ́ di ìran. Bó bá tó ẹ̀ẹ̀mẹta láti ẹnu ẹni kan náà, iṣẹ́ adarí ni, kì í ṣe tìrẹ.

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Ṣé ìwọ náà rí bẹ́ẹ̀ ni?" Múra ìdáhùn sílẹ̀ kí ojú rẹ má bàa dáhùn fún ọ: "Ẹ̀dá-ìtàn mi là ń sọ." O kò purọ́, o kò sì sọ nǹkan kan. Adarí tó mọṣẹ́ yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ, yóò bi ẹni yẹn ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ fẹ́ ṣe.

Nígbà mìíràn, ìran tí o ti ń retí á dé, o kò ní rí nǹkan kan. Ó wọ́pọ̀. Ojora ìgbà àkọ́kọ́ máa ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, àti nítorí ìyẹn, má fi ìjókòó kan ṣe ìdájọ́. Mẹ́ta ni kí o fi ṣe é.

Lẹ́yìn eré

Kí ẹ tó túká, ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti jáde kúrò nínú ìtàn. Ẹ pe ara yín ní orúkọ òde, ẹ mu omi, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tó gbádùn àti ohun kan tó fẹ́ rí nígbà tó ń bọ̀. Ẹni tó bá jáde lójijì láti inú ìran tó wúwo sínú ọkọ̀ èrò máa ń gbé e sùn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kọ ìlà mẹ́rin: ìgbà tí ara rẹ yá jù, ìgbà tó le jù, ohun tí wọ́n pè ọ́ ní ìgbà méjèèjì, àti bó ṣe rí nígbà tí o padà di orúkọ òde. Ìlà kẹrin ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun ló sì níye lórí jù. Bí pípadà bá rí bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ bàtà tó há, ìyẹn ń sọ nǹkan kan. Bí pípadà bá ń bà ọ́ nínú jẹ́ ní gbogbo ìgbà, ó ń sọ òdìkejì rẹ̀.

Ẹ̀dá tó lágbára a máa dùn láti gbé wọ̀, bó ti wù kí jẹ́ńdà rẹ̀ rí. Nítorí náà, ṣe ẹ̀dá kejì ní eré mìíràn: iṣẹ́ kan náà, agbára kan náà, jẹ́ńdà tó ti mọ́ ọ lára. Fi ìlà mẹ́rin tibí wé ti ọ̀hún. Bí méjèèjì bá dùn bákan náà, idà ló dùn. Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń gbé obìnrin wọ̀ nínú eré fún ogún ọdún, ọkùnrin sì ni wọ́n.

Bí o kò bá lè sùn, tàbí tí ojoojúmọ́ ti di ohun tí o ń fara dà títí ọjọ́ eré yóò fi pé, dá eré dúró díẹ̀ kí o sì wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, tí kì í dá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Adarí eré kì í ṣe dókítà, má gbé ẹrù yẹn lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún adarí

Má sọ jẹ́ńdà ẹnikẹ́ni di kókó ìtàn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Má pa olólùfẹ́ ẹ̀dá rẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀san, pàápàá bí ìfẹ́ náà bá jẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, nítorí ìtàn tó ń parí báyìí ti pọ̀ jù. Má fojú wá ẹni tó ń wádìí ara rẹ̀ ní tábìlì rẹ, bó o bá sì fura, gbé ìfura náà sínú. Kọ orúkọ, arọ́pò-orúkọ, ìkíni àti oríkì ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ìwé tí o fi ń bo dáìsì rẹ, níbi tí ojú rẹ yóò máa bà lé e, nítorí bí ìwọ bá ṣi orúkọ pè lẹ́ẹ̀kan, gbogbo tábìlì á tẹ̀ lé ọ.

Ìwé ẹ̀dá náà

Ẹni tó ń gbé nílé òbí kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lórí ibùsùn. Tọ́jú ìwé ẹ̀dá-ìtàn lọ́tọ̀, ìlà mẹ́rin rẹ lọ́tọ̀. Èkíní jẹ́ eré lójú ẹnikẹ́ni tó bá rí i. Èkejì kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ìpamọ́ lórí fóònù. Bí orúkọ kan bá ti wọ̀ ọ́ lára lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta, tí o sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dúró níta eré, ní kí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí o fọkàn tán máa fi í pè ọ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o sì kọ ìlà mẹ́rin kan náà ní òpin rẹ̀.